Ọkọ̀ Ìràwọ̀ Rẹ Kò Ní Dé Ààtàn

Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Ṣakí.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Ìyá rẹ kí ọ, àwọn àbúrò rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ tó bí ìbejì náà ì bá kí ọ bí ó bá lè sọ̀rọ̀. Ara wa le. Òjò ti ń dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀, iṣu tuntun ti kún ọjà, apá tó ń ro mí nígbà tí o wà nílé kò sì ro mí mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè di bírò mú báyìí. Wá ibi tó tutù jókòó sí, nítorí lẹ́tà yìí máa gùn. O mọ̀ pé èmi kì í sábà kọ lẹ́tà. Bí mo bá wá dáwọ́ lé e, bí ẹni tó ń di ẹrù ọjà Ìgbòho ni mo máa ń kọ ọ́, n kì í fi àyè sílẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. A ka ibi tí o ti sọ pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrin, a jó. A ka ibi tí o ti sọ pé àwọn ará ilé Gbénró fẹ́ kí ìgbéyàwó wáyé lẹ́yìn Kérésìmesì, a tún jó. Ìyá rẹ jó débi pé ó fẹsẹ̀ da ògì nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìwé, ijó tán lẹ́sẹ̀ mi. O ní kí n bá ọ gbé ọkọ̀ ìràwọ̀ rẹ tí o fi agolo ṣe kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, kí n gbé e fún àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n fi ṣeré títí á fi fọ́, tàbí kí n kúkú dà á sí ààtàn. O ní àǹtí Gbénró rí fọ́tò rẹ̀ nínú ẹrù rẹ, ó sì bi ọ́ pé, "Kí ni àgbàlagbà obìnrin ń fi ohun ìṣeré ṣe?" O ní ojú tì ọ́. O ní Gbénró fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé o fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, o kò sì fẹ́ kó mọ̀ láéláé. O wá bi mí léèrè pé: "Bàbá, kí ló tiẹ̀ ń ṣe mí? Báwo ni èèyàn ṣe lè fẹ́ràn ọkọ̀ tí kò sí níbì kankan?"

Kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́. Ẹni tó yẹ kí o bi ni o bi. Ta ló kù ní gbogbo Òkè-Ògùn tó mọ̀ nípa ìfẹ́ ọkọ̀ ju èmi tí mo darúgbó sídìí sítíárì lọ? Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n ní òpópónà yìí. Iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Bátìrì lọ́rì mi, Sùúrù Lérè, la máa ń tú ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ó sì gbé e wọ pálọ̀ Tíṣà kí ẹ lè wo eré ọkọ̀ ìràwọ̀. Èmi ni mo máa ń dúró síta tí mo ń yí ọ̀pá èríà. Mo á pariwo pé, "Ṣé ó ti mọ́?" Ẹ̀yin ọmọdé á dáhùn láti inú ilé pé, "Ó kù díẹ̀, Bàbá! Ẹ yí i sọ́nà Ìsẹ́yìn!" Bí mo bá ti yí i sọ́nà Ìsẹ́yìn, àwòrán á là, ọkọ̀ yín á sì yọ láàárín àwọn ìràwọ̀, á máa lọ jẹ́jẹ́. Orúkọ òyìnbó tó ń jẹ́ kò ṣeé pè lẹ́nu wa. Ìyá mi, Ìyá Àgbà yín, ló sọ ọ́ ní Ayọ́kẹ́lẹ́. Ó ní kì í pariwo bíi ti ọkọ̀ ọmọ òun.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, bátìrì Sùúrù Lérè ló ń gbé Ayọ́kẹ́lẹ́ kiri ojú òfuurufú. Èmi ni mo sì ń jìyà rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdé. Lọ́rì ò ní jí, àwọn èrò á bọ́ sílẹ̀, wọn á máa tì í. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ilua, tó máa ń bá wa kó èlùbọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, bi mí léèrè ohun tó gbẹ́mìí bátìrì. Mo ṣàlàyé fún un, mi ò fi kan pa mọ́. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí ọkọ̀ ọ̀hún kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa tì í." Rẹ́rìn-ín, ó yá. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìkíní ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí. Nínú eré yẹn, lọ́sẹ̀ yìí àwọn inú ọkọ̀ náà á bá ara wọn nílẹ̀ tí oòrùn méjì ti ń ràn, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n á bọ́ sáàárín àwọn ẹ̀dá olójú kan. Kò sí ilẹ̀ kan tí wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wàhálà bá ti parí, inú Ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń padà sí, wọn á sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọmọ ìyá. Mo máa ń wo ojú ẹ̀yin ọmọ nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá pa dé lẹ́yìn wọn. Gbogbo yín á jọ mí kanlẹ̀. Ilé yín nìyẹn, ẹ kàn ń fi ojú gbé inú rẹ̀ ni.

Mo mọ ìmí kanlẹ̀ yẹn, nítorí mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èrò mi. O rántí Bàbá Ọdẹ, ará Ofiki, tó máa ń dúró lẹ́yìn lọ́rì pẹ̀lú ìbọn àti ajá rẹ̀? Kó tó gùn ún, á fi ọwọ́ kan irin ọkọ̀, á kí Ògún, á wá ki lọ́rì náà pé:

Sùúrù Lérè, a-gun-òkè-má-kanra,
Ó ru iṣu, ó ru ìyá oníṣu,
Ó ru ọdẹ, ó ru ẹran tí ọdẹ pa,
Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn tó ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí a kọjá Ofiki. Mo wà lábẹ́ rẹ̀, epo ń kán sí mi lójú, nígbà tí lọ́rì mìíràn dé, òfìfo gbáà. Dẹ́rẹ́bà náà ní kí àwọn èrò máa bọ̀, òun á gbé wọn. Kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn kan ti dáná, wọ́n ń sun iṣu, Bàbá Ọdẹ ti tú ẹran gbígbẹ sílẹ̀, Ìyá Ilua sì ń wá ẹni tó ní iyọ̀. Dẹ́rẹ́bà ọ̀hún wò wọ́n títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, kí lẹ rí lára ọkọ̀ jágbajàgba yìí?" Ìyá Ilua dá a lóhùn pé, "Àwa náà la wà nínú ẹ̀." Mo gbọ́ ọ lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí mo wà, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé nọ́ọ̀tì tí mo ń wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi ọ́ pé kí lo rí lára ọkọ̀ ìràwọ̀, èsì Ìyá Ilua ni kí o fún un. Ìwọ, Fúnmi àbúrò rẹ, àti àwọn ọmọ Tíṣà lẹ jọ dàgbà sínú ọkọ̀ yẹn lórí ẹní kan náà.

Ìkejì. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà òmùgọ̀ mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ìyá rẹ sì ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó kọ ọ́. Nígbà tí ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì, tó fa Sùúrù Lérè lé mi lọ́wọ́, orí mi wú bí búrẹ́dì. Mo ní orúkọ arúgbó ni Sùúrù Lérè. Mo wá ẹni tó ń kọ àkọlé sára ọkọ̀, mo ní kó fi ọ̀dà bò ó, kó wá fi pupa kọ KÒ SẸ́LẸ́GBẸ́ síwájú rẹ̀ gàdàgbà. Mo wọ bàtà tuntun, mo wà á lọ sí ọjà oníṣu ní Ìgbòho. Mo fẹ́ kí wọ́n jáde wá wò mí.

Wọ́n jáde lóòótọ́, wọ́n wò mí. Kò sẹ́ni tó gbé iṣu ẹyọ kan. Ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ olórí wọn fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ẹnu ọkọ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Sùúrù Lérè ńkọ́?"

Mo ní, "Òun rè é, Ìyá. Òun náà ni."

"Òun kọ́. Sùúrù Lérè kì í fọ́nnu. Ta ló fẹ́ di ẹrù sínú ọkọ̀ agbéraga lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò báyìí?"

Mo búra. Mo ṣí ẹnu ẹ́ńjìnnì hàn wọ́n. Mo fi ihò tí ọ̀bẹ oníṣu kan dá sí pákó rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn rí i, ṣùgbọ́n àwọn ń dúró de Sùúrù Lérè. Ẹrù kan ṣoṣo tí mo gbé bọ̀ wálé ni àkùkọ kan tí ẹnì kan ní kí n bá òun fún ẹ̀gbọ́n òun, ó sì ń kọ láti Ìgbòho dé Ṣakí bí ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ọ̀dà lo rò pé wọ́n ń wọ̀?" Kí ọjà mìíràn tó pé, mo ti dá orúkọ náà padà.

Mo rántí àkùkọ yẹn nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ. O ń lọ sílé tuntun, o sì ti fẹ́ fi ọ̀dà bo ara rẹ kí o tó dé ẹnu ọ̀nà. Àbẹ̀kẹ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Mojísọ́lá tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ títí ọbẹ̀ á fi jóná ni àwa mọ̀, òun la sì fẹ́ fún wọn. Bí o bá fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí Gbénró, tó bá wá fẹ́ràn ẹni náà, ìwọ lo máa jìyà rẹ̀, nítorí ojoojúmọ́ ni wàá máa ṣe bí ẹni náà. Bí o bá sì dé ọ̀hún tán, má ṣe kun ọmọ ọlọ́mọ lọ́dà. Gbénró fẹ́ràn kí ó máa fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, o sọ ọ́ fún wa fúnra rẹ. Fi í sílẹ̀ kó máa wọn ilẹ̀ rẹ̀. Awọnlẹ̀ ni, iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti ọkọ̀ tó ń yọni lẹ́nu. Ṣé o ṣàkíyèsí pé ẹ́ńjìnnì Ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń kú nígbà tí àwọn ọ̀tá bá sún mọ́ tòsí? Tíṣà máa ń bínú, á ní irú òyìnbó wo ló ń ṣe ọkọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ á máa pariwo sí i pé, "Jọ̀ọ́, jí! Jọ̀ọ́, jí!" Ohun tí èmi náà ń sọ fún jíà kejì Sùúrù Lérè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àgó-Àrẹ nìyẹn, mo sì máa ń fi pẹ̀lẹ́ kún un. Lẹ́yìn náà mo ra lọ́rì tuntun, o rántí rẹ̀. Kò bàjẹ́ rí. Ó rọrùn, ó sáré, ó pa owó. Sọ ìtàn kan fún mi nípa rẹ̀. Kò sí, àbí? Èmi náà ò ní. Nítorí náà bí ìwọ àti Gbénró bá kọ́kọ́ ní èdè-àìyedè, má rò pé ọkọ̀ ti dànù. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ jọ tì í.

Ọ̀rọ̀ bíbàjẹ́ yìí ló mú mi rántí ọjọ́ tí Ayọ́kẹ́lẹ́ jóná. Mo ti yí ọ̀pá èríà tán, mo ti sùn lọ nínú lọ́rì, ẹ̀yin wà ní pálọ̀ Tíṣà. Ìwọ lo sáré jáde, ẹkún ló gbé ọ dé iwájú Ìyá Àgbà, o ń ké pé, "Ọkọ̀ ti jóná! Wọ́n ti dáná sun ún!" Ṣé Ìyá Àgbà dúró béèrè? Ó gbé korobá, ó ké sí àwọn ìyàwó ilé, gbogbo wọn sì ya bo Sùúrù Lérè. Omi ló jí mi. Mo lanu kí n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, korobá kejì wọ̀ mí lọ́fun. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí iná kankan, Tíṣà jáde wá ṣàlàyé pé Ayọ́kẹ́lẹ́ ló jóná. Mo rò pé Ìyá Àgbà máa na ọ́. Ṣe ló gbé korobá sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Ayọ́kẹ́lẹ́ kẹ̀! Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn! Ó mà ṣe o!" Ó jókòó, ó sì bá ọ sunkún.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, nínú eré náà, wọ́n kan òmíràn, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọmọ wò ó tìfura-tìfura. Ìyá Àgbà bi Tíṣà bóyá òun náà gan-an ni. Tíṣà ní rárá, tuntun ni, orúkọ nìkan ni wọ́n fún un. Ìyá Àgbà mi orí, ó ní, "Ó yé mi. Yétúndé ni." Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì mọ́ nínú yín. Ìwọ lo tún sọ pé ó ń rìn bó ṣe máa ń rìn tẹ́lẹ̀.

Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́, jẹ́ ká máa lọ. O ní ọkọ̀ náà kò sí. Ta ló rí ilé Àjàpá rí? Síbẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé Yánníbo ló ń dáná níbẹ̀. Lọ sí Ìgbòho kí o bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ nípa Ọ̀yọ́ Ilé. Igbó ló wà níbẹ̀ báyìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sùn níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ̀rọ̀ àìdáa sí ìlú náà, o ò ní rí omi mu. Èèyàn lè gbé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé sínú ọkàn, kí ó sì gbádùn rẹ̀. Ọlọ́run ló dá wa bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́: "Sọ fún un pé ìfẹ́ ọkọ̀ ní ìwọ̀n o. Ọjọ́ tí mo ń rọbí Fúnmi, abẹ́ lọ́rì la ti lọ fẹsẹ̀ fa bàbá rẹ̀ yọ." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́, mo sáré, kó sọ ìyẹn náà. Nítorí náà bí ọmọ bá ń sunkún, tí ọkọ rẹ ń pè ọ́, kúrò láàárín ìràwọ̀ kí o dá wọn lóhùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, kí o má baà fo èyí tó kù.

Gbénró wà nílé wa lánàá. Àwọn òbí rẹ̀ ló rán an láti wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ìyá rẹ gbé iṣu àti ẹyin fún un. Kò tíì jẹ ẹ́ dé àárín tí ojú rẹ̀ fi lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó yí ọkọ̀ náà po. Ó wo àwọn agolo mílíìkì tí o rẹ́, ó wo irin agboòrùn tí o fi ṣe apá rẹ̀. O mọ bí àwọn awọnlẹ̀ ṣe rí, ó fi ìka wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí.

Ó ní, "Bàbá, ta ló ṣe èyí?"

Mo ní, "Mojísọ́lá ni."

Ojú rẹ̀ yí padà, ẹ̀rù sì bà mí nítorí rẹ. Ó wá sọ pé, "Kò sọ fún mi rí, sà. Ṣé ó rò pé mo máa fi òun ṣẹ̀sín ni?" Àbẹ̀kẹ́, ìyẹn nìkan ló dùn ún. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀ kó tutù. Ó bi mí ní ibi tí wọ́n ń gbà wọlé, mo fi hàn án. Ó bi mí ní ibi tí ọ̀gá wọn ti ń wà á, mo fi hàn án. Ó tún bi mí ní ìbéèrè kẹta, èyí kò sì sí lágbára mi, mo ní kó lọ bi ẹni tó ni ín.

Òun ló mú lẹ́tà yìí wá. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n di ọkọ̀ náà mọ́ orí bọ́ọ̀sì, orí itan òun ló máa wà títí dé Ìlọrin. Mo rò pé ó ṣì gbé e dání báyìí bí o ti ń kàwé, kò sì ní mọ ibi tó yẹ kó gbé e kà. Má jẹ́ kó dúró pẹ́. Ìbéèrè tó bi mí ni pé: "Bàbá, ṣé ó gba èèyàn méjì?"

Dá a lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju lọ́rì lọ,
Dẹ́rẹ́bà Sùúrù Lérè.